Àpá Kò Lè Jọ Ara: Ìtàn Iṣan Ẹ̀yìn Itan Tó Ń Ya Léraléra

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal lọ bá Crystal Palace nílé. Eré náà kò tíì pé ìdajì wákàtí tí Bukayo Saka fi di ẹ̀yìn itan rẹ̀ ọ̀tún mú, tó sì kúrò lórí pápá. Ọmọ Yorùbá ni Saka. Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí i sí ní 2001, Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ sì ti ṣí lọ síbẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan ẹ̀yìn itan ti ya. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì tún gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje kankan títí di ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, nígbà tó wọlé gẹ́gẹ́ bí arọ́pò nínú eré Arsenal àti Fulham, tó sì gbá bọ́ọ̀lù kan sáwọ̀n. Ọjọ́ 101 ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́, tó ní dókítà tirẹ̀, tó sì ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ẹran ara, ló fi ọjọ́ 101 tọ́jú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Bí irú iṣan yìí bá ya lẹ́sẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́jọ́ Sátidé, ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n, ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni bóyá yóò lè gbá ti Sátidé tó ń bọ̀. Wọn a fi Robb ra á, wọn a fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná jó o. Bí ìrora bá ti rọlẹ̀, ọmọ á padà sórí pápá, iṣan á sì tún ya. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ọ̀rọ̀ iṣan, á di ọ̀rọ̀ ayé. Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ náà rọ́wọ́ mú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ló ti ṣègbé lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí ìdílé sì ti tipa rẹ̀ tú ká lórí ohun tí kò ní ọwọ́ aráyé nínú.

Ìtàn ìtọ́jú iṣan yìí, láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ kan pàtàkì ló ń kọ́ wa: kí ìrora lọ kò túmọ̀ sí pé ìwòsàn ti dé. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣan ti máa ń ya lẹ́ẹ̀kejì.

Iṣan wo là ń sọ?

Iṣan mẹ́ta ló wà lẹ́yìn itan kọ̀ọ̀kan. Lókè, wọ́n so mọ́ eegun tí a fi ń jókòó. Nísàlẹ̀, wọ́n kọjá orúnkún lọ so mọ́ eegun ojúgun. Nítorí pé wọ́n kọjá oríkèé méjì, iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe: àwọn ló ń ká orúnkún, àwọn náà ló ń ti itan lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré gidigidi, tó ju ẹsẹ̀ síwájú tí ẹsẹ̀ náà sì fẹ́ kan ilẹ̀, iṣan yìí á nà gbọrọ, àkókò náà gan-an ló sì gbọ́dọ̀ fi agbára di ẹsẹ̀ mú kó má bàa fò kọjá ààlà. Ó dà bí okùn tí a ń fà ní ìhà méjèèjì. Ibẹ̀ ni ó ti sábà máa ń ya. Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn na ẹsẹ̀ tàbí gbé e sókè kọjá ibi tó mọ níwọ̀n, bí àwọn oníjó ti máa ń ṣe.

Àwọn jagunjagun àtijọ́ mọ ìwúlò iṣan yìí. Nínú Ìwé Jóṣúà, orí 11, Ọlọ́run pàṣẹ fún Jóṣúà pé kó gé iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin ọ̀tá. Ẹṣin tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò kú, ṣùgbọ́n kò lè gbé jagunjagun sáré mọ́ láé. Títí di òní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ iṣan yìí kan náà ṣe ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a sọ ènìyàn tàbí iṣẹ́ kan di aláìlágbára.

Ìlú Barcelona, ọdún 1992

Ní ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ, ọdún 1992, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Barcelona, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Derek Redmond ń sá eré mítà 400 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ yóò dà á nìyí. Ní Òlíńpíìkì ọdún 1988 ní Seoul, iṣan gìgísẹ̀ kò jẹ́ kó lè bá wọn sáré rárá, ó sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ bíi mélòó kan kó tó dé Barcelona. Kò tíì sá eré náà dé ìdajì tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fi já. Ó ṣubú, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan tiro lọ. Jim, bàbá rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ láti àárín èrò ìwòran, ó gba àárín àwọn ẹ̀ṣọ́ kọjá, ó sì gbé apá ọmọ rẹ̀ lé èjìká títí wọ́n fi dé òpin.

Lórí pápá yẹn kan náà, kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, Olúyẹmí Káyọ̀dé, Chidi Imoh, Ọlápàdé Adéníken àti Davidson Ezinwa, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré ìje àgbéfúnra-ẹni mítà 100 lọ́nà mẹ́rin. Òṣogbo ni wọ́n bí Adéníken sí ní 1969, ìrìn àárín Òṣogbo sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò sì jìnnà. Ní Òlíńpíìkì yẹn, òun nìkan tún dé àṣekágbá mítà 100 àti ti 200. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yíyá wà ní agbègbè wa kò nílò ẹ̀rí mìíràn.

Àwòrán Redmond àti bàbá rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fi han àwọn ọmọdé káàkiri ayé láti kọ́ wọn ní ìfaradà. Àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: Redmond kò padà sí ipò tó wà nínú eré sísá mọ́. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló yà sí. Ìfaradà rẹ̀ yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n ìfaradà kò wo iṣan sàn. Àwa náà fẹ́ràn akin tó ń fi ẹsẹ̀ tiro gbá bọ́ọ̀lù parí. A kì í pa àtẹ́wọ́ fún ẹni tó jókòó sílé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó ń fi sùúrù tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́.

Ọ̀rọ̀ Michael Owen tún ṣe kedere ju ìyẹn lọ. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já nínú eré Liverpool àti Leeds ní oṣù Kẹrin, ọdún 1999. Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó sinmi, ó padà, ó tilẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Yúróòpù ní 2001. Ṣùgbọ́n iṣan yìí kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì pé láti ọjọ́ náà lọ, iṣan méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ ní ẹsẹ̀ kan nígbà tí mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ ní ìkejì, àti pé eré sísá rẹ̀ kò padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Owen ní 1999 àti èyí tó ṣẹlẹ̀ sí Saka ní 2024 jọra. Ọdún 25 tó wà láàárín wọn ló jẹ́ kí ìtọ́jú yàtọ̀.

Bí ìtọ́jú ṣe yí padà

Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ìmọ̀ nípa eegun jinlẹ̀. Àwọn tó ń to eegun wà títí di òní, àwọn ènìyàn sì ń gbé aláìsàn lọ bá wọn. Ní ti iṣan, òrí, àdí, omi gbígbóná, fífọwọ́ra àti gbẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè dín ìrora kù. Àmọ́ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà nínú iṣan tó ya, ooru àti ìfọwọ́ra líle lè mú kí wíwú rẹ̀ pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni a máa ń fi tagbáratagbára ra á.

Ìtọ́jú nípa eré ìmárale, èyí tí a ń pè ní físíò, ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun wọ Nàìjíríà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba amúnisìn dá ibùdó sílẹ̀ ní Ìgbóbì, ní Èkó, fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, ibùdó náà sì di ilé ìwòsàn eegun ní 1945. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ físíò ti fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà títí dé ipele oyè. Lónìí, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ kan náà tí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wà. Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ohun tó jìnnà ni àṣà àtilọ bá wọn nígbà tí kì í ṣe pé eegun ṣẹ́.

Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ará ilẹ̀ Finland kan, Markku Järvinen, ṣe ìwádìí lórí iṣan tó fara pa. Ó rí i pé bí a bá de iṣan náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, yóò rọ, kò sì ní lágbára. Bí a bá sì tètè lò ó jù, yóò tún ya. Ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, kí ìlò díẹ̀díẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ló fún iṣan ní agbára. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ara fi ń dí ojú ibi tó ya kì í ṣe ẹran bíi ti tẹ́lẹ̀; àpá ni. Yorùbá sì ti sọ pé àpá kò lè jọ ara. Àpá tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ yóò le gbagidi sí ojú kan, ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì máa ru ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀, títí yóò fi ya.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tètè tàn kálẹ̀. Ní 1978, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, kọ́ àwọn ènìyàn ní ìlànà mẹ́rin tó gbajúmọ̀: ìsinmi, yìnyín, dídì í le àti gbígbé ẹsẹ̀ sókè. Gbogbo ayé gbà á bí òfin. Ní 2014, Mirkin fúnra rẹ̀ jáde sọ pé yìnyín àti ìsinmi pátápátá lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Kò wọ́pọ̀ kí onímọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká kíyè sí i: yìnyín lè mú ìrora rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń tún iṣan kọ́.

Kí ni ìyàtọ̀ tí gbogbo èyí mú wá? Ní Yúróòpù, àwọn onímọ̀ tí Jan Ekstrand ṣáájú ti ń ka ìfarapa àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá láti 2001. Ní sáà 2001 sí 2002, 12 nínú 100 ìfarapa jẹ́ ti iṣan ẹ̀yìn itan. Ní sáà 2021 sí 2022, ó ti di 24 nínú 100. Eré ti yá sí i, ìdíje sì ti pọ̀ sí i. Nínú gbogbo ìfarapa iṣan yìí tí wọ́n kà, 18 nínú 100 ló jẹ́ ti ẹni tó ti ṣe é rí tó tún padà wá, èyí tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ṣẹlẹ̀ kí oṣù méjì tó pé tí agbábọ́ọ̀lù padà sórí pápá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ti ọmọ tó jẹ́ pé Robb nìkan ló ní. Kò sí ayé kankan nínú rẹ̀.

Asáré àti oníjó

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun jù lọ nìyí. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti Ẹ̀rìn-Ilé wá nígbà rògbòdìyàn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú náà sì di gbajúmọ̀ nípa ìlù bàtá àti dùndún àti eégún aláré. Àwọn ọmọ Àyàn bíi Lámídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun gbé ìlù yìí dé òkè òkun, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Debra Klein, sì kọ odidi ìwé lórí bí bàtá ìlú náà ṣe di ti gbogbo ayé, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Onílù ni ayé sábà ń dárúkọ, ṣùgbọ́n níbi tí bàtá bá ti ń dún, oníjó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dáhùn. Ijó bàtá kì í ṣe ijó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: oníjó á lọ́ṣọ̀ọ́, á fò dìde, á ju ẹsẹ̀ síwájú lójijì bí ìlù bá ti pè é. Iṣan ẹ̀yìn itan ló ń ru ẹrù yẹn.

Ní 2007, Carl Askling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden tẹ ìwádìí méjì jáde lórí ìfarapa yìí. Asáré 18 ni wọ́n wò nínú ọ̀kan, oníjó 15 nínú ìkejì. Gbogbo wọn ló jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí iṣan náà ya lára wọn nìyẹn. Asáré ni ìrora rẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀ jù. Eré ló ń sá lọ́wọ́ tí ẹsẹ̀ fi dà á, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀. Oníjó ní tirẹ̀, nígbà tó ń na ẹsẹ̀ ni nǹkan ṣẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré, òmíràn á tilẹ̀ tún máa jó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo iye àkókò tí ẹni tó wà láàárín nínú ìlà lò kó tó padà sí ipò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 16 ni ti asáré, ọ̀sẹ̀ 50 ni ti oníjó. Ìdí ni pé ti oníjó súnmọ́ ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun ìjókòó, ibẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó san.

Ẹ jẹ́ ká ronú lórí èyí. Ìfarapa tó dà bí ẹni pé ó kéré ló gba nǹkan bí ọdún kan. Oníjó tí ẹ̀yìn itan rẹ̀ dùn ún níbi ọdún eégún, tí wọ́n sọ fún un pé kó máa jó o dànù, lè máa gbé ìrora yẹn kiri títí ọdún mìíràn, kó sì rò pé ọjọ́ orí ló dé.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́

Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Denmark tẹ ìwádìí kan jáde lórí agbábọ́ọ̀lù 942 láti ẹgbẹ́ 50. Wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ kan ní eré ìmárale kan ṣoṣo, wọ́n fi àwọn ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìfarapa iṣan ẹ̀yìn itan 52 ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tí kò ṣe é, 15 péré ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ṣe é. Láàárín àwọn tí iṣan wọn ti ya rí ni èrè rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Eré ìmárale náà kò gba owó. Ènìyàn á kúnlẹ̀ sórí koríko tàbí ẹní tó nípọn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Á na ara rẹ̀ gbọọrọ láti orúnkún dé orí, á sì rọra máa dà síwájú, á máa fi iṣan ẹ̀yìn itan dá ara rẹ̀ dúró bó ti lè ṣe é pẹ́ tó, kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gba ilẹ̀. Àwọn ará Denmark bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìgbà márùn-ún lọ́nà méjì. Wọ́n ń fi kún un títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Fún ẹni tí kò tíì fara pa tàbí tó ti ń san ni eyí, kì í ṣe fún ẹni tó ya lánàá.

Ní 2013, Askling fi agbábọ́ọ̀lù 75 ní Sweden wé ara wọn. Àwọn tí ìtọ́jú wọn jẹ́ kí iṣan máa ṣiṣẹ́ nígbà tó bá nà padà sí ìdánrawò pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní ìwọ̀n ọjọ́ 28; àwọn tó ṣe ìtọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lo ọjọ́ 51. Ó tún kọ́ wa ní àyẹ̀wò kan tó yẹ kí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ̀. Nígbà tí gbogbo ìrora bá ti lọ, kí ẹni náà dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà gan-an, kó wá gbé ẹsẹ̀ náà sókè kíákíá bó ti lè ṣe é tó. Bí ẹ̀rù bá bà á, tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á pé kó jù ú sókè, ẹsẹ̀ náà kò tíì ṣetán, bí kò tilẹ̀ dùn ún mọ́. Ara mọ ohun tí ẹnu kò tíì sọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ ìró bíi kí okùn já lẹ́yìn itan rẹ̀, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ dúdú rẹ́súrẹ́sú láti ìdí dé orúnkún, ilé ìwòsàn ni kó lọ, torí ó ṣeé ṣe kí iṣan ti já kúrò lára eegun. Fún àwọn tó kù, ìsinmi ọjọ́ mélòó kan láìfi ooru tàbí ìfọwọ́ra líle jẹ ẹ́ níyà; ìrìn pẹ̀lẹ́; lẹ́yìn náà eré ìmárale tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀; lẹ́yìn náà eré sísá, láti ìwọ̀nba dé orí gbogbo agbára. Ẹni tí kò tíì sá eré pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ nígbà ìdánrawò láìsí ìbẹ̀rù kò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ ìdíje dán an wò.

Kódà pẹ̀lú gbogbo èyí, iṣan kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, nínú eré Arsenal àti Leeds, Saka tún fi ọwọ́ di ẹ̀yìn itan, ti ẹsẹ̀ kejì lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tí wọ́n ti tọ́jú fún ọjọ́ 101 kọ́ ló dà á. Wọn kò sáré gbé e padà. Ó lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó tún wọ pápá.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ẹ̀kọ́, olórí ẹgbẹ́ oníjó àti òbí ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ tó rọ̀ àti ẹlẹgbẹ́ tó máa di ọrùn ẹsẹ̀ mú, kò sí èyí tí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò ní nínú méjèèjì. Sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù.